Aṣọ Tí Bàbá Fi Lé Alàgbà Léjìká: Bí Ìjọ Kan ní Òṣogbo Ṣe Ka Ìtàn Èlíjà àti Èlíṣà

Ìjọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà ní apá Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nítorí orí àdéhùn yẹn ni wọ́n ṣe gbà kí n kọ ọ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni, kò sí lábẹ́ ìjọ ńlá kankan. Télọ̀ ni Bàbá tó dá a sílẹ̀. Orí òkè àdúrà ló ti gba ìpè, ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn, nígbà tó yá ló ra ilẹ̀ tó sì kọ́ ilé ìsìn sórí rẹ̀. Òun ló ń ríran, òun ló ń ṣe ìrìbọmi, òun ló ń sọ ọmọ lórúkọ, òun náà ló ń sìnkú. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, kò tíì yan ẹnikẹ́ni.

Ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà yí ká. Àkọ́bí Bàbá, tí gbogbo ilé ń pè ní Dáwódù, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́rẹ́. Ó kàwé, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ẹnì kejì ni Alàgbà, tó jẹ́ fọkanáísà lẹ́bàá Ọláìyá kó tó kó irinṣẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó sì ń tẹ̀ lé Bàbá kiri. Òun ló ń gbé àpò, òun ló ń lu agogo, òun ló ń jí Bàbá sí àdúrà òru. Ẹnì kẹta ni Ìyá Àdúrà, aláàdìrẹ, ẹni tí kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ìjà náà títí ó fi ku díẹ̀ kó parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ooru mú, iná lọ láàárín ìsìn, fáànù sì dúró. Bàbá, tí ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀, bọ́ aṣọ àwọ̀lékè aláwọ̀ àlùkò tó máa ń wọ̀ sórí sùtánà, ó nà án sí Alàgbà. Bíbélì wà lọ́wọ́ ọ̀tún Alàgbà, ìgò òróró wà lọ́wọ́ òsì. Bàbá wá fi aṣọ náà lé e léjìká, ó sì padà lọ jókòó. Ẹnì kan kígbe láti àárín àwọn obìnrin pé, “Agbádá Èlíjà!” Àwọn kan bú sí alelúyà. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú.

Mo ti gbọ́ ìtàn ìṣẹ́jú yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà níbẹ̀. Àwọn kan ní Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kígbe. Àwọn kan ní ó mi orí. Obìnrin kan búra fún mi pé ó gbọ́ tó ní “Ó di ọwọ́ rẹ,” àmọ́ ẹni tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà ní ọ̀rọ̀ omi ni Bàbá sọ, pé kí wọ́n fún òun lómi mu. Èmi gba ti olómi gbọ́, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Alàgbà wọ aṣọ àlùkò náà, ó sì dúró síwájú pẹpẹ. Dáwódù dìde láti ìjókòó ẹbí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ aṣọ bàbá mi.” Alàgbà dáhùn pé, “Àbúrò, bàbá gbogbo wa ni. Ojú yín ló ṣe fi wọ̀ mí.” Ibi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Dáwódù kan nahùn láti ẹ̀yìn pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ Alàgbà ní kí ìyá náà jókòó, ilé Ọlọ́run kì í ṣe ààfin. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìsìn di méjì: ọ̀kan ní òwúrọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn tí oòrùn bá yẹ̀ orí. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan ti kọ́kọ́rọ́ míràn mọ́ ilẹ̀kùn.

Àbúrò Bàbá ló wá pè mí. Mùsùlùmí ni, Àlàájì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Fún ẹni tí kò bá mọ Òṣogbo, kí ó má jẹ́ kó yà á lẹ́nu: ilé kan náà ló ń bí wòlíì aláṣọ funfun àti ẹni tó ń pe ìrun, tí wọ́n á sì jọ pín ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Mo ti kọ́ Ìmọ̀ Bíbélì nílé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, Dáwódù sì wà lára àwọn tí mo kọ́. Àlàájì ní, “Tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi kò ní sùn dáadáa bí a bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé kóòtù kí a tó jókòó. Ìwé yín ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Ẹ wá bá wa ṣí i.”

Yàrá àlejò Àlàájì la ti jókòó. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ibi tó gbára lé wá, kó kà á sókè fúnra rẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun.

Dáwódù ṣí Númérì orí 20. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ní kí Mósè mú Áárónì àti Élíásárì ọmọ rẹ̀ gun òkè Hórì, kó bọ́ aṣọ Áárónì, kó sì fi wọ Élíásárì. Áárónì kú síbẹ̀. “Aṣọ bàbá,” Dáwódù ní, “ọmọ la fi wọ̀. Níwájú gbogbo ìjọ.” Mo gbà pé ibi tó dáa ló mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń jà fún ọmọ olùdásílẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n, Dáfídì àti Sólómọ́nì ni wọ́n máa ń sáré mú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọba sì ni ìyẹn.

Alàgbà ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19, ibi tí Èlíjà ti kọjá lọ́dọ̀ Èlíṣà tó ń fi àjàgà màlúù méjìlá túlẹ̀, tó sì ju agbádá rẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó ṣí Ìwé Kejì orí 2, ibi tí agbádá náà ti bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìjì gbé Èlíjà lọ, tí Èlíṣà mú un tó sì fi lu odò Jọ́dánì. Ó kà á tomijé-tomijé. Èlíṣà kì í ṣe ọmọ Èlíjà, ó ní, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun náà sì ti ṣe ìránṣẹ́.

Bí ẹni tó ń kọ́ni bá fẹ́ràn ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, níbí ni yóò ti rẹ́ni gbè. Èmi ní kí a kọ́kọ́ ka ti Alàgbà títí dé òpin, nítorí òun ni ìjọ pariwo lé lórí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé Èlíjà kọ́ ló yan Èlíṣà. Ní Hórébù, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, Ọlọ́run ti dárúkọ ẹni mẹ́ta fún un: Hásáélì fún Síríà, Jéhù fún Ísírẹ́lì, Èlíṣà ọmọ Ṣáfátì láti rọ́pò òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde kí aṣọ tó jáde. Bí a bá ń wá èyí tí ó bá ti Òkè-Baálẹ̀ mu, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé ta ni wọ́n fi aṣọ lé léjìká, bí kò ṣe pé ta ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu Bàbá kí ọjọ́ yẹn tó dé. Mo bi Alàgbà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní Bàbá kò bá òun sọ ọ́ rí. Mo yìn ín nínú ọkàn mi, torí irọ́ ìbá rọrùn fún un níbẹ̀.

Èkejì, nígbà tí Èlíjà ju agbádá lé ọkùnrin náà nínú oko, kò fi í sílẹ̀ fún un. Èlíṣà pa màlúù, ó fi igi àjàgà dáná sè é, ó fún àwọn ènìyàn jẹ, ó sì tẹ̀ lé Èlíjà láti máa ṣe ìránṣẹ́ fún un. Nígbà tí ọba Júdà béèrè wòlíì lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n fi júwe Èlíṣà ni pé òun ló ń bu omi sí ọwọ́ Èlíjà. Títí wọ́n fi dé Jọ́dánì, ara Èlíjà ni aṣọ náà wà. Jíju tí a jù ú nínú oko jẹ́ ìpè sí iṣẹ́ ìsìn, kì í ṣe ìfilọ́lẹ̀. Mo sọ fún Alàgbà pé bí ti ọjọ́ tí iná lọ bá jọ jíju inú oko yẹn, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti àwọn ọdún yìí wá ni aṣọ náà pè é sí, Bàbá kàn tún un pè ni.

Ẹ̀kẹta ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí Èlíjà ń lọ, ó ní kí Èlíṣà béèrè ohun tó fẹ́. Èlíṣà béèrè ìlọ́po méjì ẹ̀mí rẹ̀. Wòlíì tó pe iná láti ọ̀run, tó gbàdúrà tí òjò fi dá, dáhùn pé ohun tó ṣòro ni. Bí ìwọ bá rí mi nígbà tí a bá gbà mí lọ́wọ́ rẹ, yóò rí bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá rí mi, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí òun ní nínú àpò tó lè fà yọ. Agbádá náà kò tọwọ́ Èlíjà wá sí ejìká Èlíṣà lọ́jọ́ náà, ńṣe ló bọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá dúró ló ṣà á. Kí ó sì tó ṣà á, ó di aṣọ ara rẹ̀ mú, ó fà á ya sí méjì. Ẹsẹ̀ 12 nìyẹn. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí agbádá Èlíjà láti kékeré, n kò tíì gbọ́ ẹni tó wàásù lórí aṣọ Èlíṣà tó ya.

Níbi ìlọ́po méjì yìí, Dáwódù yà mí lẹ́nu. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ka Diutarónómì 21.” Ó ka ẹsẹ̀ 17, níbi tí òfin ti sọ pé ìpín méjì ni kí bàbá fún àkọ́bí nínú gbogbo ohun tó ní. “Ṣé ẹ rí i? Ìpín àrólé ni Èlíṣà ń béèrè.” Òótọ́ ló sọ, mo sì dúpẹ́ pé n kò fi iṣẹ́ mi ṣòfò lára rẹ̀. Èlíṣà kò béèrè pé kí òun lágbára ju Èlíjà lọ lẹ́ẹ̀mejì, bí ọ̀pọ̀ oníwàásù ti ń sọ. Ó béèrè ìpín ọmọ àkọ́bí láàárín àwọn ọmọ wòlíì tó kù. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké pé, “Bàbá mi, bàbá mi.” Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ìpín náà kì í ṣe ọmọ bíbí inú Èlíjà. Ẹsẹ̀ tí Dáwódù mú wá fi hàn pé ipò ọmọ ni ọ̀rọ̀ wà lórí, ó sì tún fi hàn pé ẹni tí wọn kò bí lè wà ní ipò náà. Àlàájì rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Dáwódù pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ní Jọ́dánì wà fún gbogbo wa láti gbé yẹ̀wò. Èlíṣà lu omi, ó ní, “Níbo ni Olúwa Ọlọ́run Èlíjà wà?” Omi pín. Àwọn ọmọ wòlíì tó wà ní Jẹ́ríkò rí i, àwọn ni wọ́n sì sọ pé ẹ̀mí Èlíjà bà lé Èlíṣà. Òun kọ́ ló kéde ara rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan náà tó tẹrí ba fún un ló tún ní kí àádọ́ta ọkùnrin lọ wá Èlíjà lórí òkè àti nínú àfonífojì fún ọjọ́ mẹ́ta. Èlíṣà ní kí wọ́n má lọ, wọ́n rọ̀ ọ́ títí ojú fi tì í, ó ní kí wọ́n lọ. Bí àwọn tó fojú rí odò tó pín bá ṣì ń wá ọ̀gá àtijọ́ kiri, kí la fẹ́ retí lọ́wọ́ ìjọ tó jẹ́ pé fáànù tó dúró ni wọ́n rí?

Mo wá bi wọ́n pé, Èlíṣà ńkọ́, ta ló fún ní tirẹ̀? Ẹnì kan ní Géhásì. Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, gba owó àti aṣọ lọ́wọ́ Náámánì, ẹ̀tẹ̀ ló jogún. Èlíṣà kú nínú àìsàn. Ọba Jóáṣì wá sunkún lórí rẹ̀ pé, “Bàbá mi, bàbá mi,” ọ̀rọ̀ kan náà tí Èlíṣà ti ké tẹ̀ lé Èlíjà, kò sì di wòlíì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ju òkú ọkùnrin kan sínú ibojì Èlíṣà, ara rẹ̀ kan egungun wòlíì náà, ó sì jí. Agbára náà wà nínú egungun, kò rí ejìká bà lé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé gbogbo wòlíì gbọ́dọ̀ ní àrólé, kó kọ́kọ́ wá ibi tó máa fi ìyẹn sí.

A padà sí ti Dáwódù. Mo ní Númérì 20 jẹ́ òtítọ́, àmọ́ iṣẹ́ àlùfáà ni. Ìdílé Áárónì ni Ọlọ́run fi iṣẹ́ yẹn fún, láti bàbá dé ọmọ. Iṣẹ́ wòlíì kò tọ ọ̀nà yẹn. Ìdílé àlùfáà ní Ánátótì ni Jeremáyà ti wá, ìbí ló sọ ọ́ di ọmọ àlùfáà, síbẹ̀ Ọlọ́run tún pè é lọ́tọ̀ kó tó di wòlíì. Sámúẹ́lì fi àwọn ọmọ rẹ̀, Jóẹ́lì àti Ábíjà, ṣe onídàájọ́ ní Bééríṣébà, wọ́n gba rìbá, àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì sì wá sọ fún bàbá wọn lójú ara rẹ̀ pé àwọn ọmọ rẹ kò rìn ní ọ̀nà rẹ. Mósè ní ọmọkùnrin méjì, Géṣómù àti Élíésérì, kò sì dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn nígbà tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó yan ẹni tí yóò ṣáájú kí ìjọ má baà dà bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́.

Níbí ni Àlàájì ti dá sí i. Ó ní nínú Súrátù Bákárà, nígbà tí Ọlọ́run sọ fún Ànábì Ìbúràhímọ̀ pé òun yóò fi ṣe aṣíwájú fún àwọn ènìyàn, Ìbúràhímọ̀ béèrè pé, àtọmọdọ́mọ mi ńkọ́? Ọlọ́run ní májẹ̀mú òun kò kan àwọn alábòsí. “Kò sọ pé ọmọ kò lè ṣe é,” Àlàájì ní. “Sùlèímọ́ọ̀nù jogún Dáúdà, ó wà nínú Kùránì. Sàkáríyáù tọrọ ọmọ tí yóò jogún òun, a fún un ní Yahaya. Ṣùgbọ́n pé o jẹ́ ọmọ nìkan kò tó.” Ó tún fi hàdíìsì kan kún un, pé a kì í jogún àwọn Ànábì, ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ sàráà ni. Dáwódù wo bàbá kékeré rẹ̀, kò fèsì.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ sàráà yẹn ló ṣí ohun tó wà nídìí ìjà. Títí di ìgbà yẹn, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ogún kan ṣoṣo ni Bàbá fi sílẹ̀. Mẹ́ta ni. Ilẹ̀ àti ilé wà. Iṣẹ́ pẹpẹ wà, ìyẹn ìrìbọmi, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú, ìdarí ìsìn. Ìpè wà, ìyẹn ojú tó fi ń ríran. Ara ọkùnrin kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú wa kò wá rí ìlà tó pín wọn mọ́.

Mósè gan-an kò gbé ohun tirẹ̀ fún ẹnì kan. Nínú Númérì 27, ó gbé ọwọ́ lé Jóṣúà níwájú ìjọ, ṣùgbọ́n nínú ọlá rẹ̀ ni Ọlọ́run ní kó fi lé e, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Jóṣúà yóò sì máa dúró níwájú Élíásárì àlùfáà, ẹni tí yóò máa fi Úrímù béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Kò tún sí ẹni tí ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní ojúkojú bíi ti Mósè. A pín iṣẹ́ náà.

Kí wọ́n má baà rò pé Bíbélì nìkan ló ṣe irú èyí, mo fi ti ilé wa hàn wọ́n. Joseph Ayo Babalola, tí katakata rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà ní ọdún 1928 tí ó fi gbọ́ ìpè, tí ìsọjí rẹ̀ gba Òkè-Ọ̀yẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1930, kì í ṣe òun ni Ààrẹ Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi. Isaac Akinyele, ẹni tó di Olúbàdàn ní ọdún 1955, ni Ààrẹ; Ajíhìnrere Àgbà ni Babalola. Ẹni tí ìpè wà lára rẹ̀ gbà kí ọwọ́ ẹlòmíràn di ìwé àti kọ́kọ́rọ́ mú. Ìlú Ẹdẹ tó wà nítòsí wa yìí ni Babalola kú sí ní 1959. Ní ti Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, Oshoffa tó dá a sílẹ̀ kú ní 1985, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Nínú ìjọ Ìràpadà (RCCG), Akindayomi tó dá a sílẹ̀ kú ní 1980, Adeboye, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì tó ti máa ń ṣe ògbufọ̀ ìwàásù rẹ̀, ló rọ́pò rẹ̀ ní 1981, kì í sì í ṣe ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi èyí ṣe òfin, torí àwọn ìjọ tí ọmọ ti rọ́pò bàbá tí kò sì bàjẹ́ wà ní Òṣogbo níbí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a fi ṣáájú nígbà tí a tún jókòó, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀mí kì í fẹ́ gbọ́. Rìsíìtì ilẹ̀ náà wà lórúkọ Bàbá fúnra rẹ̀. Ìjọ kò forúkọ sílẹ̀ rárá. Lójú òfin ìbílẹ̀, ilẹ̀ tó wà lórúkọ ẹni tó kú jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdámẹ́wàá àwọn ọmọ ìjọ ló fi kọ́ ilé orí rẹ̀. Màmá, ìyàwó Bàbá, ní ọkọ òun kò fìgbà kan pe ibẹ̀ ní ilé òun. Dáwódù ní òun kò fẹ́ ta á, ohun tó ń bí òun nínú ni bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe bí ẹni pé bàbá òun kò bímọ. Mo gbà á gbọ́. Ibi tí ìjà yìí ti gbóná jù kò kan Èlíjà: wọ́n sin bàbá ọkùnrin kan, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìsìn ìdágbére, wọ́n pe Alàgbà síwájú láti sọ̀rọ̀, wọn kò pe òun. Alàgbà kò mọ̀ pé ìyẹn dùn ún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, àgbà sí kékeré. Ojú ti gbogbo wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, àdéhùn kò pẹ́ wá. Àwọn ọmọ Bàbá yóò fọwọ́ sí ìwé pé kí ilẹ̀ di ti ìjọ, ìjọ yóò sì forúkọ àwọn alámòójútó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kí Dáwódù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́yà tó bá wa dá sí i ṣàlàyé pé wọ́n ní láti gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá lòdì sí i lè sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ 28. Alàgbà yóò ṣe adelé lórí iṣẹ́ pẹpẹ fún ọdún kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ aṣọ àlùkò náà. Màmá ní òun ni yóò tọ́jú rẹ̀, ọkọ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn.

Ó ku ìpè. Màmá ló sọ ọ́, ó ní, “Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, nígbà tí ọmọ yín bá ń gbóná lóru, ilé ta ni ẹ ń gbé e lọ?” Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ilé Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń lọ, ẹgbẹ́ Dáwódù àti ẹgbẹ́ Alàgbà pọ̀. Kò sẹ́ni tó fi aṣọ kankan lé e léjìká, kò sì tọrọ ọ̀kan. Mo rántí Húlídà, wòlíì obìnrin tí ọba Jósáyà ránṣẹ́ sí nígbà tí wọ́n rí ìwé òfin nínú tẹ́ḿpìlì, bẹ́ẹ̀ Jeremáyà wà láàyè lásìkò náà. Kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ wòlíì tó fi iṣẹ́ lé Húlídà lọ́wọ́. Ilé rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ̀. Nígbà tí mo bi Ìyá Àdúrà bóyá ó ní ohun tó fẹ́ kí á kọ sínú àdéhùn, ó ní kí wọ́n má fún òun ní oyè, kí wọ́n sáà máa wọn ìran òun wò bí Pọ́ọ̀lù ti wí fún àwọn ará Kọ́ríńtì, kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù ṣe ìdájọ́. Ó ní Bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n wọn tirẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ náà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa Bàbá rí, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí.

Gbogbo rẹ̀ kò tòrò. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní a ti fi ìwé òfin pa iná Ẹ̀mí, wọ́n kó ara wọn lọ sí kíláàsì ilé ìwé kan, wọ́n ń ṣe ìsìn tiwọn níbẹ̀. Ìsìn méjì ti di ọ̀kan padà ní Òkè-Baálẹ̀, àmọ́ àǹtí tó pa òwe ìlẹ̀kẹ̀ kì í wá mọ́.

Bí ọdún adelé ti ń sún mọ́ òpin, àwọn àgbà ìjọ tún ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè ṣẹ́ kèké bíi ti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 1, kí orúkọ Dáwódù àti ti Alàgbà wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé nígbà tí Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù ní orí 12, wọn kò ṣẹ́ kèké kankan, àyè rẹ̀ ṣófo bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣẹ́ ẹ fún ipò Júdásì, Pétérù ti kọ́kọ́ là á kalẹ̀ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ ti wà pẹ̀lú wọn láti ìgbà ìrìbọmi Jòhánù títí dé ọjọ́ tí a gba Jésù lọ sókè, ìjọ sì ti gbé ẹni méjì tó kún ojú òṣùwọ̀n sílẹ̀, Jósẹ́fù Básábà àti Mátíásì, kí kèké tó jáde rárá. Mo ní kí wọ́n kọ òṣùwọ̀n tiwọn sílẹ̀, kí Dáwódù àti Alàgbà má sí níbi tí wọ́n bá ti ń kọ ọ́, kí Ìyá Àdúrà wà níbẹ̀. Wọn kò tíì kọ ọ́.